Ìṣẹ́jú Kan Ààbọ̀

Olójú-Ẹ̀yìn ni gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ń pè é. Kì í ṣe pé ojú wà lẹ́yìn orí rẹ̀ o. Gáàdì ni nínú ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì wọn, ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ láti ẹ̀yìn tó sì ń pín in fún àwọn yòókù. Yóò wo apá ọ̀tún, yóò ju bọ́ọ̀lù sí apá òsì, ọwọ́ ẹni tó yẹ kó bọ́ sí gẹ́lẹ́ ni yóò sì bọ́ sí. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ a wá máa wo ara wọn bí ẹni tí wọ́n ṣí fìlà lórí rẹ̀ lójú títì. Ọdún mẹ́ta ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ló ń fún wọn ní bọ́ọ̀lù, àwọn ló ń jù ú sáwọ̀n, orúkọ àwọn náà ni wọ́n sì ń kọ sára pátákó. Ó dùn ún díẹ̀, kí n má purọ́, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kẹrin ni wàhálà dé. Ìdíje kò tíì bẹ̀rẹ̀, ìgbáradì lásán ni wọ́n wà, ó fò sókè, ó balẹ̀ lórí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, iṣan orúnkún rẹ̀ sì já. Gbogbo wọn ló gbọ́ ọ. Dókítà ní oṣù mẹ́fà. Jíjẹ mímu kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́, àfi ìgbà tí wọ́n rán an létí òfin ìdíje náà. Ọdún mẹ́rin péré ni akẹ́kọ̀ọ́ lè fi gbá bọ́ọ̀lù fún kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ṣùgbọ́n bí ó bá farapa, tí kò sì fẹsẹ̀ kan pápá rárá ní gbogbo sáà, ọdún yẹn kò bá wọn kà. Wọn yóò fi pa mọ́ fún un di ọdún tó ń bọ̀. Kó ṣáà ti má wọlé. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré tó láti jẹ odidi ọdún.

Bí Olójú-Ẹ̀yìn ṣe jókòó sórí bẹ́ǹṣì nìyẹn. Ó ń gbé omi fún wọn, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń fi bí wọ́n ṣe ń pín bọ́ọ̀lù han ọmọ ọdún kìíní kan tí wọ́n fi sí ipò rẹ̀, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́wọ́-Òsì. Nígbà tó fi máa di oṣù tó kẹ́yìn, orúnkún rẹ̀ ti san, ó ti ń wọ jẹ́sì bíi tiwọn, kò kàn wọlé ni. Ọkùnrin kan tó ń wá agbábọ́ọ̀lù kiri fún ẹgbẹ́ ńlá kan ti sọ fún un lójúkojú pé lọ́dún tó ń bọ̀ òun yóò wá wò ó. Níwọ̀n ìgbà tó bá sì wà nínú ẹgbẹ́, ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ rẹ̀, nítorí náà ó ti fi kọ́ọ̀sì mẹ́fà tó yẹ kó ti kọ́ sílẹ̀ de ọdún náà. Orí ọdún kan ṣoṣo yẹn ló to ayé rẹ̀ lé.

Bàbá rẹ̀ kò mọ ìkankan nínú èyí. Iṣẹ́ wẹ́dà ni bàbá náà ń ṣe, Sátidé tí wọ́n sì ń gbá bọ́ọ̀lù ni ọjọ́ tí iṣẹ́ pọ̀ jù fún un, kò wá rí lọ́jọ́ kan. Ó tún kórìíra bọ́ọ̀lù ọ̀hún. Ó ní òun kò tíì rí irú rẹ̀ láyé, pé kí àgbàlagbà máa làágùn nítorí agbọ̀n tí kò nídìí. Ọmọ mọ̀ pé bí bàbá bá gbọ́ pé orúnkún já, ohun tí yóò sọ ni pé kó káṣọ kó máa bọ̀ wálé wá jó irin. Ìdí nìyẹn tó fi ń purọ́ fún un lórí fóònù. Ọ̀sẹ̀ yìí a borí, ọ̀sẹ̀ tó kọjá wọ́n fàgbà hàn wá díẹ̀, mo gbìyànjú, Bàbá. Oṣù márùn-ún ló fi gbá bọ́ọ̀lù fún bàbá rẹ̀ lẹ́nu.

Lọ́jọ́ Wẹ́sídé tó ṣáájú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìkẹyìn, bàbá pè é. Iná wẹ́dà ti ba ojú rẹ̀ jẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, torí kì í lo gíláàsì dúdú bó ṣe yẹ. Ojú ọ̀tún ti lọ, ti òsì sì ń jó àjórẹ̀yìn. Dókítà ojú ní kó tó di ọdún tó ń bọ̀, kò ní ríran mọ́.

"Mo ń bọ̀ wá wo bọ́ọ̀lù ẹ ní Sátidé," ni bàbá wí. "Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í táràrà."

Ọmọ ní kò burú. Kí ni ì bá sọ?

Ọjọ́ kejì ló lọ bá akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ọ́fíìsì rẹ̀, yàrá tóóró kan tó ń rùn fún òróró ìfiwọ́ra àti ìbọ̀sẹ̀ tútù. Ọkùnrin náà ń fi ọ̀bẹ bó ọsàn, ó sì ń bó o lọ láìjẹ́ kí èèpo rẹ̀ já. Olójú-Ẹ̀yìn ro ẹjọ́ rẹ̀ látòkè délẹ̀: ojú bàbá, irọ́ orí fóònù, ohun gbogbo. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí òun kàn wọlé ní ìparí, ìṣẹ́jú kan náà tó. Akọ́nimọ̀ọ́gbá bi í bóyá ó mọ òfin. Ó ní òun mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin náà bó ọsàn rẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Òfin yẹn, àwọn tó bá gbá bọ́ọ̀lù gan-an ni wọ́n ṣe é fún," ló wí. "Ìṣẹ́jú kan ní ìparí ìdíje, ta ló ráyè ìyẹn?"

Ó wá fa bébà kan yọ, ó ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun fúnra òun ló bẹ̀ kí wọ́n fi òun wọlé. Ó ní torí àwọn aláriwísí ni, kí wọ́n má bàa sọ pé òun ń fi ẹni tí ara rẹ̀ kò tíì yá gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i, ó dúpẹ́, ó tún dọ̀bálẹ̀. Ọmọ yìí kì í ṣe òmùgọ̀ o. Ó mọ òfin náà bí orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń wù ú gbọ́ ni wọ́n sọ sí i létí, ó sì gbé e mì láìjẹ ẹ́.

Sátidé dé. Ọ̀sán gangan ni bàbá sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó wọ aṣọ tó ń wọ̀ lọ síbi ìsìnkú, nítorí aṣọ yẹn nìkan ni iná wẹ́dà kò tíì dá lu. Ọmọ mú un lọ sórí ìjókòó kejì láti iwájú, ó bi í bóyá ó ń rí pápá dáadáa. Bàbá ní kedere ni òun ń rí i. Ó ní kí wọ́n má fi òun ṣe ẹrù, kó lọ múra.

Wọ́n gbá a títí, wọn kò fi Olójú-Ẹ̀yìn wọlé. Àwọn tí wọ́n ń bá gbá ti fi nǹkan bí ààmì mẹ́tàlá jù wọ́n lọ nígbà tí aago ku ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wá na ìka sí i láìwò ó. Olójú-Ẹ̀yìn sáré lọ síwájú tábìlì tí ìyá àgbà kan tó ń kọ àkọsílẹ̀ eré jókòó sí, torí ẹni tí kò bá kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọlé. Ogún ọdún ni ìyá náà ti wà nídìí tábìlì yẹn, ó sì mọ ìtàn gbogbo wọn. Ó gbé bírò sókè, kò kọ nǹkan.

"Ọmọ mi, tí mo bá kọ nọ́ńbà ẹ síbí, kò ṣe é pa rẹ́ o."

Ọmọ bojú wẹ̀yìn wo akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ọkùnrin náà ń wo aago. Ọmọ wá wo bàbá rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, tó jókòó ṣánṣán, tó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀.

"Ẹ kọ ọ́, Mà," ló wí.

Ìyá náà kọ ọ́.

Kí ló ṣe nínú pápá? Ó sáré lọ, ó sáré bọ̀. Bọ́ọ̀lù kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn, àwọn méjì ká a mọ́ igun, ó wo ọ̀tún, ó gba ẹ̀yìn ara rẹ̀ ju bọ́ọ̀lù sí òsì, Ọlọ́wọ́-Òsì gbá a mú, ó fò, ó jù ú sínú àwọ̀n láti ọ̀nà jíjìn. Gbogbo ilé dìde. Aago dún. Wọ́n ṣáà pàdánù náà ni, ṣùgbọ́n Olójú-Ẹ̀yìn kò rí ìyẹn rò. Ó rí bàbá rẹ̀ tó dìde bíi tàwọn yòókù, tó ń pàtẹ́wọ́ kíkankíkan.

"Mo rí ọ," ni bàbá wí fún un nígbà tó ń sìn ín lọ sí ibùdókọ̀. "Mo ti rí ọ báyìí." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí bọ́ọ̀sì fi dé. Ọmọ padà sílé ìwẹ̀ lọ sunkún ayọ̀.

Ọjọ́ kẹjọ ni lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì eré ìdárayá. Wọ́n ní àkọsílẹ̀ fi hàn pé ó kópa, nítorí náà ọdún rẹ̀ mẹ́rin ti pé. Wọ́n kí i fún iṣẹ́ takuntakun. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ rẹ̀ parí pẹ̀lú sáà yìí, kó sì kó jáde nínú yàrá rẹ̀ kí oṣù tó tán. Ó kà á lórí ìdúró, ó kà á lórí ìjókòó, kò yí padà. Ìyẹn ọkùnrin ẹgbẹ́ ńlá kò gbé fóònù rẹ̀ mọ́.

Ó lọ bá akọ́nimọ̀ọ́gbá. Kò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí ọkùnrin náà fi fa bébà ọjọ́sí yọ nínú dúrọ́ọ̀, tó tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

"Ṣé ọwọ́ ẹ kọ́ nìyí?"

Ó ní ọwọ́ òun ni.

"Mi ò fipá mú ẹ. Àyè ọ̀fẹ́ kan ṣoṣo ló kù mí lọ́wọ́ fún gáàdì, mo sì ti rí ọmọ kan tí orúnkún ẹ̀ pé méjì." Kò pariwo, kò sì bínú, bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀ ló ṣe sọ ọ́. "Fi bàtà sílẹ̀ kó o tó lọ. Ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ni, ẹsẹ̀ ìwọ àti ọmọ náà sì tún dọ́gba."

Olójú-Ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, ó tú okùn bàtà níbẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ló wọ̀ rìn padà sí yàrá rẹ̀ láàárín ọ̀sán, lójú gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó délé pẹ̀lú àpò kan, ìdí iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló gbà lọ tààrà. Ó bá oníbàárà méjì níbẹ̀, ẹni tó mú ilẹ̀kùn irin wá àti ẹnì kejì tó tẹ̀ lé e. Bàbá ti gbàgbé ilẹ̀kùn. Ó ń sọ̀tàn bọ́ọ̀lù, iye ìgbà tó ti sọ ọ́ lọ́sẹ̀ yẹn kò ṣe é kà.

"Ó fò báyìí," ni bàbá ń wí, ó sì na ara rẹ̀ sókè. "Ọwọ́ òsì ló fi jù ú! Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ láti máa lo ọwọ́ ọ̀tún! Gbogbo èèyàn dìde."

Ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó lè panu mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá láàánú lójú ì bá panu mọ́, nítorí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ yẹn nìkan ni gbogbo ohun tó fi ọdún rẹ̀ rà, ẹni tó rà á fún sì ti rí i gbà, ó sì ń jẹ adùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ń ro ó, ebi ń pa á, inú sì ń bí i sí gbogbo ẹni tó lójú àti ẹni tí kò ní.

"Bàbá, èmi kọ́ nìyẹn."

Bàbá yí sí ibi tí ohùn ti wá. Kò wo ojú ọmọ. Férémù ilẹ̀kùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló wò. "Ta wá ni?"

"Ọmọ ọdún kìíní kan ni. Òun ni wọ́n fi sípò mi."

Àwọn oníbàárà wolẹ̀. Bàbá rọra sọ ọwọ́ tó nà sókè kalẹ̀.

"Ìwọ wá ńkọ́?"

"Èmi ni mo fún un ní bọ́ọ̀lù."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wá onítọ̀hún lọ́kàn rẹ̀. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ó padà lọ sínú ilé ńlá yẹn, sórí ìjókòó kejì, tó ń tún gbogbo rẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"N ò rí onítọ̀hún," ló wí. "Ẹni tó fò yẹn nìkan ni mo rí."