Ilé Ẹ̀kọ́ tí Ilaitia Fẹ́ Kọ́ Sórí Kai Wa

Èmi ni mo kọ́ Ilaitia bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni àwa méjèèjì nígbà náà, omi sì ti fẹ́ẹ̀ gbé e lọ lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò àjọ tó ń bá ṣiṣẹ́ ní Suva, olú ìlú wa, tó wọ bàtà tó ń dán, tó wá ń bi olórí abúlé pé, "Ta ni àwọn ìyá wọ̀nyí?", ṣe ni mo pòṣé.

Kai, ẹran omi tó ń gbé inú ìkarahun, ni àwa obìnrin ń wá nínú odò Rewa. A ó wọ omi dé ọrùn, a ó máa fẹsẹ̀ tẹ ẹrẹ̀ wò. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá ti kan ìkarahun, a ó rì sísàlẹ̀, a ó fọwọ́ kó o. Òun la fi ń se ọbẹ̀ olómi àgbọn, òun náà la ń kó lọ sọ́jà Nausori. Iṣẹ́ tí àwọn ìyá wa bá lọ́wọ́ ìyá wọn ni.

Àwòrán ilé kan ni Ilaitia gbé wá. Lẹ́yìn tó gbé gbòǹgbò yaqona, ẹ̀bùn tí a fi ń tọrọ àyè láti sọ̀rọ̀, kalẹ̀ fún àwọn àgbà ìdílé, tí wọ́n gbà á, ó tẹ́ àwòrán náà sórí ẹní. Àwọn ọkùnrin wà níwájú. Àwa wà lẹ́yìn, nítòsí ilẹ̀kùn, pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ tí wọ́n ní ká sè.

Ó ní ilé onígíláàsì ni wọn yóò kọ́ sétí odò, kí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti àlejò lè máa wá kẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń tọ́jú odò.

"Ilé yìí á kọ́ ẹ̀yin náà láti fẹ́ràn odò yín," ó wí.

Àwa tí omi ti bó ní ìka ẹsẹ̀ láti ogójì ọdún, àwa ló fẹ́ kọ́.

Bubu Salaseini, ìyá àgbà gbogbo wa, fà súnmọ́ àwòrán náà. Ẹyẹ pupa kan dúró níbẹ̀ lórí ẹsẹ̀ gígùn.

"Ọmọ mi, ẹyẹ wo nìyí?"

"Ẹyẹ odò ni, Bubu."

"Odò ibo?"

Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín. Ilaitia wúkọ́. Ó ní ayàwòrán ló fi sí i, kó lè dùn ún wò.

Èmi kò wo ẹyẹ. Ibi tí òpó ilé náà wà ni mo ń wò: Nukulailai gan-an, ibi tí odò ti rọra tẹ̀, tí kai pọ̀ sí jù lọ.

"Kai ńkọ́?" ni mo bi í.

"Merewalesi, jẹ́ kí àlejò sọ̀rọ̀ tán," ni olórí abúlé wí. Taniela ni, àbúrò ìyá mi, tí mo ń pè ní Momo.

"Momo, àlejò wo? Ilaitia ọmọ Losena yìí?"

Ilaitia ní kí n má ṣèyọnu, wọn yóò kó kai díẹ̀ sínú gíláàsì kí àwọn ọmọ lè máa rí i. Mo yínmú sí i lójú gbogbo ènìyàn.

Ní ọjọ́ kejì, a mú un lọ sí Nukulailai. Mo ní kó bọ́ bàtà. Ó ká ṣòkòtò, ó wọ omi dé orúnkún, ó ń tẹlẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ ẹyin. Kò rí kai kankan. Ẹrẹ̀ yọ̀ ọ́, ó fìdí jókòó sínú omi. A rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn wá. Bubu ṣàánú rẹ̀, ó na kai kan sí i láti inú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kíá, ó ní kí dírẹ́bà òun ya òun ní fọ́tò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwé ìròyìn àjọ náà dé. Ilaitia ló wà lára rẹ̀, ó gbé kai dání, wọ́n sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé onímọ̀ nípa odò ni. Ọwọ́ Bubu hàn létí fọ́tò náà. Wọ́n gé e láti ọrùn ọwọ́.

Ilẹ̀ ìdílé wa ni etí odò yẹn. Bí ohun tó ju ìdajì àwọn tó ti dàgbà nínú ìdílé, lọ́kùnrin lóbìnrin, kò bá fọwọ́ síwèé, wọn ò lè kọ́ nǹkan kan síbẹ̀. Momo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé kiri láti ilé dé ilé. Ọmọ mi ọkùnrin fọwọ́ sí i, torí Lusiana ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá, wọ́n ní àwọn á gbà mí síbi tí wọ́n á ti máa ta tíì," Lusiana sọ fún mi, kò wo ojú mi.

Ìyẹn dùn mí. Síbẹ̀, mo tẹ̀ lé Momo lẹ́yìn, ilé tó bá ti jáde ni mo ń wọ̀. Ohun kan ni mo ń bi wọ́n: ta ni nínú àwọn ará Suva yẹn ló bi wá léèrè ohunkóhun? Àwọn tó fọwọ́ síwèé náà kò tó ìdajì.

Ilaitia tún padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, ilé mi ló wá tààrà.

"Mere, kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"O ò ṣe mí ní nǹkan kan. Gbé ilé náà lọ sórí òkè lẹ́yìn ilé-ìwé, mà á fọwọ́ sí i báyìí."

"Àlejò ò ní gun òkè. Omi ni wọ́n fẹ́ máa wò."

"Kí wọ́n dúró sórí òkè wò ó."

Ó ń wo ẹní. Ó wá rọra sọ pé wọ́n ti fọwọ́ sí àwòrán náà ní Suva kó tó di pé wọ́n rán òun. Pé bí òun bá ń jiyàn, ẹlòmíràn ni wọn yóò gbé iṣẹ́ náà fún.

"Ṣé o mọ̀ pé kai wà níbẹ̀?"

"Mo mọ̀. Ta ni ò mọ̀ nínú wa?"

Òpè ni mo ti ń pè é nínú ọkàn mi láti ọjọ́ yìí. Mi ò mọ̀ pé mo ń pọ́n ọn lé ni. Mo dìde, mo ṣí ilẹ̀kùn, mi ò fi tíì lọ̀ ọ́.

Abúlé kan nísàlẹ̀ odò ló gba ilé náà. Wọ́n ti kọ́ ọ parí. Momo kò dáhùn ìkíni mi títí di Kérésìmesì. Lusiana rí iṣẹ́ tíì rẹ̀ níbẹ̀, bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ lọ láràárọ̀. Bó bá dé nírọ̀lẹ́, mo máa ń bi í bóyá ó ti jẹun. Mi ò bi í ní nǹkan mìíràn.