Ìkòkò Omi Àkùkọ Nínú Giulia

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni Ermete ti ni ọkọ̀ Giulia rẹ̀, kò sì fi ìdí kan ìjókòó èrò inú rẹ̀ rí. Òun nìkan ló ń wà á. Ó lè yá èèyàn ní búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ̀ kó tó yá a ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Kérésì, dókítà ní kó ka lẹ́tà tó wà lára ògiri, Ermete sì ka èyí tó wà níbẹ̀, ó tún ka èyí tí kò sí níbẹ̀. Dókítà kò fọwọ́ sí ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, ojú tó fi ń wo ọ̀nà sì ti rẹ̀.

Ọkùnrin kan wà ní Bergamo tó ń jẹ́ Zanchi. Ogójì ọkọ̀ àtijọ́ ló kó sínú gàráàjì, gbogbo wọn ló wà lábẹ́ aṣọ funfun, ọ̀kankan wọn kì í jáde. Ó ti pẹ́ tó ti ń pe Ermete lórí fóònù pé kó ta Giulia fún òun. Ermete sọ fún àwọn ará ilé pé lẹ́yìn Kérésì, òun á jẹ́ kí Zanchi wá gbé e.

"Ẹ fẹ́ lọ fi aṣọ òkú bò ó," ni Tecla sọ. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún. "Èmi ni kí ẹ fún, Bàbá àgbà."

"Ìwọ? Ìwọ tí ọkọ̀ rẹ ń bá ọ yí jíà? Ó kù díẹ̀ kó máa bá ọ jẹ oúnjẹ lẹ́nu."

"Ẹ má bú ọkọ̀ mi o. Giulia ni òun náà."

Òótọ́ ni, Ermete náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí Tecla kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ pupa tuntun yẹn dé, baba náà yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, ó lóṣòó, eékún rẹ̀ ń ráhùn, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé imú onígun mẹ́ta tó wà níwájú rẹ̀. Wọ́n ti sún nọ́ńbà ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu kó má baà bo imú ìdílé. Ara rẹ̀ ń dán, ó ń yọ̀ bí ẹja, àmọ́ táyà ẹ̀yìn ló ń tì í lọ bíi ti ìyá rẹ̀ àgbà. Ọmọ tí ẹkùn bá bí, ẹkùn ni yóò jọ.

Ermete tó mọ ìran yẹn dáadáa ló ń sọ ọ́, torí ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ náà ní Arese, òun ló ń kọ́ ilẹ̀kùn mọ́ wọn lára. Giulia àkọ́kọ́ ní igun mẹ́rin bí agolo bisikíìtì, ojú mẹ́rin, jíà márùn-ún nígbà tí ti ará àdúgbò jẹ́ mẹ́rin. Ọlọ́pàá ń fi í lé olè, olè náà ń fi í sá fún ọlọ́pàá, baba ọlọ́mọ sì ń fi í gbé ìyàwó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tí Ivano, ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ bàbá Tecla, rà: ó dorí kọ ilẹ̀, ó gbé ìdí sókè bí ewúrẹ́ tó fẹ́ kàn. Wọ́n gbé àpótí jíà tirẹ̀ sẹ́yìn kí ìwúwo rẹ̀ lè pín déédéé, ó sì máa ń di kọ́nà mú bí ẹni pé ó bá a mulẹ̀. Ermete fẹ́ràn gbogbo wọn. Ti àkọ́kọ́ ló kàn jẹ́ tirẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni kò yé e lára rẹ̀: epo. Láyé ìgbà tó ń ṣiṣẹ́, bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ ló ń gbé e lọ ní ìdájí, Giulia á wà nínú gàráàjì títí di ọjọ́ Àìkú, síbẹ̀ epo inú rẹ̀ á ti dínkù. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, bẹ́ẹ̀ náà ni. "Ó ń mu ún lójú oorun," ló máa ń sọ fún Iside, ìyàwó rẹ̀. Iside á ní, "Ó ti ń dàgbà nìyẹn. Kí ló tún ń mú àgbà lára yá?"

Ọdún kẹta rèé tí Iside ti kú.

Ìdílé náà ní àṣà kan, Iside ló sì dá a sílẹ̀. Ní Kérésì àkọ́kọ́ tí wọ́n ní Giulia, ó gbé ìkòkò omi ẹran àkùkọ tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá lé itan, èyí tí wọ́n fẹ́ fi se raviòli ọjọ́ náà, ìyẹn ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n di ẹran sínú, láti ilé wọn ní ìsàlẹ̀ òkè dé ilé àwọn àna rẹ̀ lókè Montevecchia. Ìdérí rẹ̀ ti fọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. "Tí o bá da omi yìí sí mi lára," ló wí, "búrẹ́dì gbẹrẹfu lo máa jẹ." Kò dà. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jẹ́ awakọ̀ nínú ìdílé gbọ́dọ̀ fi ọkọ̀ gbé ìkòkò tí kò ní ìdérí gòkè lọ́jọ́ Kérésì. Ivano fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbìyànjú tirẹ̀ ní ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Ní kọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì ló ti da ìdajì rẹ̀ sórí ẹ̀wù ìyá rẹ̀, wọn kò sì tíì jẹ́ kó gbàgbé.

"Ó dáa," ni Ermete sọ fún Tecla. "Èmi ni màá gbé ìkòkò. Bí ẹ̀kán kan bá dà, Zanchi ló ni ín."

Láàárọ̀ Kérésì, yìnyín bo koríko. Ermete jókòó sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, ìkòkò wà lórí itan rẹ̀. Ohun kan wà tí kò sọ fún ọmọ náà. Bí òtútù bá mú, òróró inú jíà àgbà ọkọ̀ yẹn máa ń ki bí oyin. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ sí jíà kejì gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ láàárín kó tó wọlé. Bó bá kánjú, ọkọ̀ á kígbe, á sì ta gìrì. Fúnra rẹ̀ ni Ermete kọ́ ọ, kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni. Ojú ń tì í díẹ̀ pé òun ò sọ ọ́, àmọ́ ìdánwò ni ìdánwò ń jẹ́.

Tecla ṣíná ọkọ̀. Kò tẹ iná mọ́ ọn. Ó jẹ́ kó kùn jẹ́jẹ́ títí ara rẹ̀ fi móoru, ó wá fi jíà kìíní jáde ní géètì. Ermete di etí ìkòkò mú, ó ń dúró de igbe.

Tecla fa jíà kúrò ní kìíní, ó dúró díẹ̀, ẹnu rẹ̀ mì, jíà kejì sì wọlé bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ bọ́tà. Omi inú ìkòkò kò mì.

"Kí lo sọ yẹn?"

"Mi ò sọ nǹkan kan, Bàbá àgbà."

"O sọ nǹkan. Ojú mi ló ń ṣe mí, etí mi kò ṣe nǹkan kan."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo ọ̀nà."

Wọ́n ń gun òkè. Ọgbà àjàrà ń kọjá, Giulia ń kọrin tó máa ń kọ tó bá rí òkè, Ermete sì ń wo ohun tí kò ráyè wò rí níbẹ̀, nítorí awakọ̀ kì í wo ẹ̀gbẹ́. Wọ́n dé kọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tí Ivano ti tẹ́. Tecla fẹ́ ti jíà kẹta sọ̀ kalẹ̀ sí ìkejì. Ó fà á yọ, ó tẹ iná díẹ̀, ó dúró, lọ́tẹ̀ yìí Ermete sì gbọ́ ọ kedere:

"Àmín, ó ti tó!"

Ẹnu Iside ló ti máa ń jáde. Bí àlùfáà bá gbàdúrà gùn ní ibi oúnjẹ, bí Ivano bá ń rojọ́ tí kò lópin, Iside á ní, "Àmín, ó ti tó!" Bí gbólóhùn náà ṣe gùn tó gẹ́lẹ́ ni àkókò tí jíà yẹn fẹ́. Gbogbo ara Ermete gbọ̀n. Omi gbígbóná fò jáde nínú ìkòkò, ó sì balẹ̀ sí eékún rẹ̀.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

Tecla kò wò ó. "Ìyá àgbà ni. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ tí ẹ bá lọ ta ayò káàdì. Wọ́n ní láti ìgbà tí bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ ti ń gbé yín lọ làwọn ti ń wà á. Àwọn náà ti gba ìwé ìwakọ̀ nígbà náà."

"Kò sì sọ fún mi?"

"Wọ́n ní ẹ ò béèrè rí. Wọ́n ní bí ẹ bá béèrè lọ́jọ́ kan, àwọn á sọ."

Ó dun Ermete wọnú egungun. Ó ti ń fi ọkọ̀ yẹn ṣe fọ́ńté fún gbogbo ayé, kò sì bi obìnrin tó jókòó tì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bóyá ó wu òun náà. Lẹ́yìn náà ló rí Iside lọ́kàn, níbi tó ti ń sáré gun òkè yìí ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, tó ṣí fèrèsé sílẹ̀, tó ń ṣe àmín fún jíà kejì. Inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn débi pé ẹ̀rín pa á. Òun ló ń mu epo náà.

Ivano àti Loredana, ìyàwó rẹ̀, ti dúró sí ẹnu géètì ilé tó wà lókè. Ṣòkòtò Ermete ni wọ́n kọ́kọ́ wò, gẹ́gẹ́ bí àṣà.

"Ó dà!" ni Ivano kígbe. "Loredana, wá wò ó, ó dà! Mo ti ní ẹlẹgbẹ́ o! Tecla, pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Zanchi á máa retí yín."

Ojú Tecla rọ. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sì na kọ́kọ́rọ́ sí baba àgbà rẹ̀.

Ermete kò gbà á. Ó gbé ìkòkò lé orí ògiri. "Kì í ṣe Tecla ló dà á."

"Ta ló wá dà á, Bàbá? Ẹ̀yin méjì péré lẹ wà nínú ọkọ̀."

"Ìyá rẹ ni."

Loredana wo Ivano. Ivano wo ilẹ̀. Tecla nìkan ló fọwọ́ bo ẹnu, tó ń rẹ́rìn-ín tó ń sunkún.

Ermete ti ń wọlé lọ, ṣòkòtò rẹ̀ tutù dé kókósẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ivano, bá mi pe Zanchi. Sọ fún un pé kó má bínú, ọkọ̀ kì í ṣe tèmi nìkan. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀."