Àyè Ẹni Méjìlá

Nígbà tí ìyá Lateefah kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Nyanya lọ sí Ìlọrin, tòun tọmọ ló lọ. Sàkáríyà ọkọ rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù sílé. Awakọ̀ ni, ọmọ Ìsẹ́yìn. Láràárọ̀ ló ń kó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba láti Karu wọ àárín ìlú Àbújá. Mofẹ́olúwa wà lára àwọn èrò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni obìnrin yìí ń bójú tó níbi iṣẹ́, Jọmílójú ọmọ rẹ̀ sì ni ọ̀rẹ́ tí Lateefah fi sílẹ̀ ní Karu.

Nítorí ọ̀rẹ́ méjì yìí ni Mofẹ́olúwa ṣe gbé sáfà géèmù kan kalẹ̀ sí pálọ̀ rẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ lè máa gbà pàdé nínú géèmù láti ìlú yòówù, kí wọ́n jọ máa kọ́lé, kí wọ́n jọ máa dáko. Kó tó ṣí i, ó mú bírò àti ìwé, ó ṣírò. Kọ̀ǹpútà àlòkù tó rà kò burú. Mẹ́mórì rẹ̀ á gba ọgbọ̀n ènìyàn. Íńtánẹ́ẹ̀tì ilé ló kọ ọ́ lóminú. Ó wo iye dátà tí ẹnì kan yóò máa fà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ó wo iye tí ìlà rẹ̀ lè gbé jáde, ó fi ọ̀kan pín èkejì. Èsì rẹ̀ jẹ́ méjìlá. Bí ẹni kẹtàlá bá wọlé, géèmù gbogbo wọn ni yóò máa há. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ọmọ méjìlá ti pé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí àwọn èrò yòókù ti sọ̀ kalẹ̀, Sàkáríyà bá a sọ̀rọ̀. Ó ní bí òun bá pe Lateefah lórí fóònù, kì í ju kó kí òun, kó ní òun ti jẹun, ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti ní kí òun wá wo oko tó dá nínú géèmù. Sàkáríyà ti gbé géèmù náà sórí fóònù tirẹ̀. Ó ti ń fi kọ́ra ní gáréèjì Nyanya nígbà tó bá ń dúró de èrò.

Mofẹ́olúwa ní kò sí àyè, ó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ bá mi tún un ṣírò wò,” ni Sàkáríyà wí. “Ẹnì kan péré ni mí.”

“Bàbá Lateefah, iṣẹ́ mi nìyí o. Ohun tí mo ṣírò ni mo sọ yẹn.”

Ó ní bí ẹnì kan bá kúrò, òun á ké sí i. Sàkáríyà tún béèrè lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tó yá, kò béèrè mọ́.

Oṣù méje kọjá. Ayọ̀midọ̀tun, òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí ọ́fíìsì wọn, fẹ́ ṣe irú sáfà bẹ́ẹ̀ nílé rẹ̀ ní Kabusa. Tayọ̀tayọ̀ ni Mofẹ́olúwa fi mú ìwé ìṣirò rẹ̀ wá. Ọkùnrin náà wò ó títí, ó béèrè ibi tó ti rí iye dátà ẹnì kan. Wọ́n jọ ṣí ojú ìwé náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́tà b kékeré ni wọ́n kọ síbẹ̀, tó dúró fún bíìtì; B ńlá, tó dúró fún báìtì, ni Mofẹ́olúwa kà á sí. Bíìtì mẹ́jọ ló sì wà nínú báìtì kan. Ó ti sọ ẹrù ẹnì kan di ti ẹni mẹ́jọ. Ìlà ilé rẹ̀ ì bá gba bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Bí a bá tiẹ̀ fi ti mẹ́mórì tó gba ọgbọ̀n ènìyàn ṣe é, àyè méjìdínlógún ló ti ṣófo láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Sàkáríyà ń gbé àwọn èrò rẹ̀ padà sílé, iwájú ọkọ̀ ni Mofẹ́olúwa jókòó sí. Ó jẹ́wọ́ àṣìṣe náà, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Sàkáríyà kò wò ó. Títì ló ń wò.

“Mo sọ fún Lateefah pé kò sí àyè,” ló wí. “Ó ní irọ́ ni mò ń pa, pé mi ò fẹ́ wá ni.”

Mofẹ́olúwa pe Lateefah nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní ẹ̀bi òun ni, kì í ṣe ti bàbá rẹ̀. Ọmọ náà gbọ́ ọ tán, ó ní ó dáa, mà, ó ní ìyá òun ń pe òun. Jọmílójú ló wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé ó ti tó oṣù méjì tí Lateefah ti wọ géèmù náà kẹ́yìn, pé ọ̀rẹ́ òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìlọrin ti ní òmíràn tí wọ́n ń ṣe.

Sàkáríyà wọ géèmù náà lọ́sẹ̀ yẹn. Jọmílójú mú un dé oko Lateefah. Ó rìn yí i ká, ó dúpẹ́, ó jáde.

Ó ṣì ń gbé Mofẹ́olúwa lọ síbi iṣẹ́. Ì bá wù ú kí ọkùnrin náà bá òun jà. Àṣìṣe lẹ́tà kan kò ju ohun tó lè ṣe ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé Sàkáríyà ní kí òun tún un ṣírò wò, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún, òun sì kọ̀.

Nígbà ọdún Iléyá, Sàkáríyà lọ sí Ìlọrin. Nígbà tó padà dé, Mofẹ́olúwa béèrè àlàáfíà ọmọ náà. Ó ní ó wà dáadáa, pé ó ti fẹ́ ga ju ìyá rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló yí ọ̀rọ̀ padà, ó ní àwọn ọlọ́pàá pọ̀ lójú ọ̀nà.