Wọn Ò Bi Kọ̀yà Léèrè

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, nígbà tí aago méje ń lọ lù, Adékọ̀yà jókòó sídìí tábìlì rẹ̀ ní Ìkòsí, ó ṣí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì tó fi ń tàn án, ó sì ń retí kó kí òun. Kò kí i. Ó gbọ́ fáànù tó ń yí nínú rẹ̀. Ó fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, èyí tó fi hàn pé ó ti jí. Ṣùgbọ́n ohùn obìnrin tó ń gbé inú rẹ̀, tó máa ń ka gbogbo ohun tó bá wà lójú kọ̀ǹpútà sí i létí, kò fọhùn.

Kọ̀yà kò ríran. Ó ti di ọdún méjìlélógún tí àrùn ojú kan, irú èyí tí kì í dun èèyàn títí tí yóò fi parí iṣẹ́ rẹ̀, ti gba ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ṣakí, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Ìkòsí ló wá tẹ̀dó sí. Ibẹ̀ ló ti kọ́ kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ ló ti fẹ́ Adédiwúrà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti bí Ìfẹ́olúwa ọmọ wọn. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé bí wọ́n bá gba ọ̀rọ̀ èèyàn sílẹ̀, yóò tẹ́tí sí i, yóò sì tẹ gbogbo rẹ̀ síwèé. Etí rẹ̀ mú. Ohun tí ẹlòmíì máa gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó yé e, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Kọ̀yà máa gbọ́ ọ.

Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ eré. Agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Labeebah ló gbé e fún un: ohùn àgbà mọ́kànlá láti Agboyi, àwọn apẹja àti ìyàwó apẹja, tí wọ́n ń ròyìn bí àwọn awayanrìn ṣe gbẹ́ etí odò títí ilé fi bẹ̀rẹ̀ sí í wó sómi. Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni agbẹjọ́rò yóò dúró níwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn náà. Kọ̀yà ti parí ẹni mẹ́wàá. Ó ku ìyá arúgbó kan tó ń sọ èdè àwọn ará odò, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ inú ọ́fíìsì agbẹjọ́rò kò gbọ́ dáadáa. Inú láptọ́ọ̀pù yìí ni gbogbo rẹ̀ wà, kò sì tíì fi ìkankan ránṣẹ́.

Ó ṣe gbogbo ohun tó mọ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń gbé ohùn sókè títí ìka fi ń dùn ún. Ó ki earpiece rẹ̀ bọ ihò, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó pa á, ó tún un tàn, ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ó dà bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti kó kúrò níbẹ̀.

Ó wá pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù. Adédiwúrà ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn tó ń já àlùbọ́sà sílẹ̀ lọ́kọ̀ ní Mile 12, ó sì ti débẹ̀ láti aago mẹ́fà.

"Díwúrà, láptọ́ọ̀pù mi ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án?"

Kọ̀yà ń gbọ́ àwọn alábàárù lẹ́yìn obìnrin náà, tí wọ́n ń pariwo pé kí wọ́n yà lọ́nà.

"Daddy Ìfẹ́, ẹ má bínú. Jayé ni."

"Jayé ṣe kí ni?"

"Lọ́jọ́ Sunday tẹ́ ẹ lọ kí Daddy Godwin ọ̀rẹ́ yín, ó yà sílé. Ó ní kọ̀ǹpútà yín ti ń lọ́ra jù, pé gbogbo dráífà inú ẹ̀ ti gbó. Ó wá fi nǹkan kan sí i, tó máa máa ṣe update wọn fúnra ẹ̀, tí ò fi ní máa yọ yín lẹ́nu mọ́."

"Ta ló ní kó ṣe é?"

"Èmi ni mo ní kó ṣe é."

Dráífà tí wọ́n ń wí yìí kì í ṣe ẹni tó ń wa mọ́tò. Ètò kékeré kan ni, tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ láàárín kọ̀ǹpútà àti àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀: ọ̀kan fún ohùn, ọ̀kan fún ojú, ọ̀kan fún bọ́tìnnì tí à ń tẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ògbufọ̀ tí kò gbọ́ èdè ilé síbẹ̀, ẹ̀yà ara náà á wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní í mọ ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ohùn láptọ́ọ̀pù Kọ̀yà nìyẹn. Lóru ọjọ́ tó ṣáájú, nǹkan tí Jayé fi sí i ti lọ wá dráífà tuntun káàkiri, ó ti yọ ti àtijọ́, ó ti fi tuntun rọ́pò, kò sì bi ẹnikẹ́ni.

Jayé ni àbúrò Adédiwúrà. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lójú títì Ìkòsí, kì í sì í ṣe ènìyàn burúkú. Nígbà tí Kọ̀yà pè é, ó gbé fóònù kíákíá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ restart ẹ̀."

"Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin."

"Ó dáa, màá yọjú tí mo bá ti ṣetán pẹ̀lú àwọn kọ́sítómà. Bóyá tó bá di ìrọ̀lẹ́."

"Aago méjì ni wọ́n ń retí iṣẹ́ yìí, Jayé."

"Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò ríran. Ó máa yé wọn."

Kọ̀yà pa fóònù, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́, nítorí ó mọ̀ pé bí òun kò bá gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ara ògiri ni yóò lọ. Fún ọdún méjìlélógún, kò fi ojú rẹ̀ tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún un, ó lé ní ìdajì wọn tí kò mọ̀ pé kò ríran. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ dí i lẹ́nu ló tún ń kọ́ ọ ní bí yóò ṣe bẹ̀bẹ̀.

Faridah ni Kọ̀yà pè tẹ̀ lé e. Òun náà kò ríran, Owódé Onírin ló ń gbé, ó sì ń kọ́ àwọn afọ́jú ní kọ̀ǹpútà. Ó tẹ́tí sí i títí ó fi parí ọ̀rọ̀, kò sì kẹ́dùn.

"Kọ̀ǹpútà yín ò yadi, ẹ̀gbọ́n. Ẹnu tó fi ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n dí. Ẹ wá earpiece tó ń wọ ihò tí wọ́n ń ki flash sí. Ìyẹn gbé ẹnu tiẹ̀ wá, kò nílò dráífà tí wọ́n bà jẹ́ yẹn. Tó bá ti ń sọ̀rọ̀, ẹ fúnra yín lẹ máa dá dráífà àtijọ́ padà. Ẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Èmi ni mo kọ́ yín."

Kọ̀yà gbé láptọ́ọ̀pù sínú àpò, ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó jáde. Ó mọ ibi tó ti lè rí irú earpiece bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ lọ. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Bó ṣe dúró létí títì tó ń gbọ́ ìró ọkọ̀, ẹnì kan gbá a lápá mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ sọdá láìkí i, láìbi í bóyá ó fẹ́ sọdá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀."

"Mo fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni, sà."

"Mo mọ̀. Ẹ fi mí sílẹ̀."

Ọkùnrin náà fi í sílẹ̀, ó ń kùn lọ. Lọ́jọ́ mìíràn, Kọ̀yà ì bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó má baà dójú tì í.

Ó bá èèyàn méjì ní ṣọ́ọ̀bù Jayé.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ẹ ń da ara yín láàmú?" ni Jayé wí. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀ fún àwọn kọ́sítómà rẹ̀, bí ẹni pé ojú tó fọ́ ti mú etí lọ pẹ̀lú: "Ọkọ àǹtí mi ni. Kò ríran."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ni ọ̀kan nínú wọn wí, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.

Kọ̀yà ní, "Earpiece tó ń wọ ihò flash, ṣé o ní?"

"Mo ní. Ṣùgbọ́n ẹ gbé láptọ́ọ̀pù wá, ẹ jókòó sí ìta níbi tí atẹ́gùn wà. Màá bá yín ṣe é, ẹ má worry."

Ó ti di àpò náà mú, ó ń fà á. Kọ̀yà kò jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Má fọwọ́ kàn án, Jayé."

Kò pariwo. Síbẹ̀ Jayé jọ̀wọ́ àpò, ó lọ mú earpiece náà wá, ó fà á lé e lọ́wọ́.

Kọ̀yà jókòó sórí àga Jayé gan-an. Ó gbé láptọ́ọ̀pù lé itan, ó tàn án, ó fìka wá ihò náà, ó ki earpiece bọ̀ ọ́. Ó dúró. Ó ka ení dé ogún nínú ọkàn rẹ̀. Ohùn náà sì dé sí i létí, tó mọ́ ketekete, ó ń ka ohun tó ti wà lójú kọ̀ǹpútà láti àárọ̀.

Kọ̀yà tún un sọ síta kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Ó ní, 'A kí ọ kú oríire. Dráífà mẹ́tàdínlógún ti di tuntun.'"

Ó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìka rẹ̀ ń sáré lórí bọ́tìnnì, kò ṣì í. Ó wọ ibi tí orúkọ gbogbo ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà wà, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ti ohùn, ó ṣí i, ó rí ibi tí wọ́n ti lè dá dráífà padà sí èyí tó wà tẹ́lẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Ó yọ nǹkan tí Jayé fi sí i kúrò tegbòtegbò. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó yọ earpiece, ó tún un tàn. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnu láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ ni ohùn obìnrin náà ti jáde, ó kí i káàárọ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì gbọ́ ọ.

"Àwọn èèyàn ni mo máa ń fi nǹkan yẹn sí tiwọn," ni Jayé wí. "Kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan."

"Àwọn èèyàn yẹn, ta ló gbé kọ̀ǹpútà wọn wá fún ọ?"

"Àwọn fúnra wọn ni."

"Èmi ńkọ́?"

Jayé ní, "Mo rò pé ẹ ò ní mọ̀..."

"Parí ẹ̀."

Jayé bẹ̀rẹ̀ sí í kó okùn orí tábìlì jọ.

"Tí mo bá wọlé síbí lọ́jọ́ kan tó o ò sí níbí," ni Kọ̀yà wí, "tí mo sọ gbogbo screen ṣọ́ọ̀bù yìí di dúdú nítorí ó wù mí kí ojú rẹ sinmi, tí o wá pè mí, tí mo ní kí o sọ fún àwọn kọ́sítómà pé ojú ń dùn ọ́, pé ó máa yé wọn, ṣé wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi?"

Àwọn kọ́sítómà méjèèjì rántí pé àwọn níbi tí àwọn ń lọ.

Kọ̀yà kò padà sílé. Orí àga yẹn ló jókòó sí tó ti ń gbọ́ ìyá arúgbó Agboyi, tó ń tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síwèé. Ìyá náà kò sunkún nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó sọ nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń wa ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn. Ó ní ọmọ náà lẹ́kọ̀ọ́, pé kò sí àárọ̀ tí kì í dọ̀bálẹ̀ kí òun. "Á kí mi tán," ni ìyá náà wí, "á sì lọ tan ẹ̀rọ rẹ̀." Kọ̀yà dá ohùn náà dúró níbẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti àga, ó gbọ́ bí Jayé ṣe ń to nǹkan tí kò nílò títò. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ síwájú. Nígbà tí aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Agbẹjọ́rò fèsì pé ó ti dé.

Nírọ̀lẹ́, Adédiwúrà gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó sì jókòó tì í.

"Ẹ ò bá mi sọ̀rọ̀ látìgbà tí mo ti wọlé."

"Mo ń bínú."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Oṣù mẹ́jọ lẹ fi ń kùn sí mi létí pé kọ̀ǹpútà yẹn ń lọ́ra. Gbogbo ìgbà tó bá bèèrè update lọ́wọ́ yín, 'tó bá yá' lẹ máa ń tẹ̀. Mo fẹ́ gbé e kúrò lọ́kàn yín ni."

Òótọ́ ni. Kọ̀yà mọ̀ pé òótọ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà á, nítorí ọ̀kan tó ṣe lọ́dún tó kọjá fi ìdajì ọjọ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbínú rẹ̀ kò rọ̀ nítorí ìyẹn, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí ara rẹ̀ náà.

"Tí aṣọ mi bá dọ̀tí, sọ fún mi," ló wí. "Má bọ́ ọ lọ́rùn mi."

"Mo gbọ́," ni obìnrin náà wí. "Ẹ má bínú."

"Mo ṣì ń bínú, Díwúrà. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìwọ náà."

Lọ́jọ́ Sátidé, ó jókòó láàárọ̀, ó pe Faridah sórí fóònù, ó sì ṣe gbogbo update tó ti ń sá fún. Ó kọ́kọ́ tọ́jú ẹ̀dà gbogbo bí kọ̀ǹpútà ṣe wà, kí ọ̀nà àtipadà lè wà. Èyí tó ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn olè orí ẹ̀rọ, ó fún un láyè kó máa wọlé fúnra rẹ̀. Ti dráífà, ó tò ó pé kó kọ́kọ́ bi òun. Iṣẹ́ náà gbà á ní wákàtí mẹ́ta, láptọ́ọ̀pù náà sì yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tún bí i nínú díẹ̀, nítorí ó jẹ́ pé Jayé kò purọ́ nípa ọ̀rọ̀ ìlọ́ra yẹn.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò gbé ìpè Jayé. Agbẹjọ́rò Labeebah ló pè láàárín ìgbà náà, ó ní ìgbìmọ̀ ka ọ̀rọ̀ àwọn àgbà mọ́kànlá, wọ́n sì ní kí àwọn awayanrìn dáwọ́ dúró títí wọn yóò fi wá wo etí odò fúnra wọn. Kò tíì sẹ́ni tó mọ ibi tó máa já sí.

Nígbà tí Kọ̀yà gbé ìpè Jayé níkẹyìn, ọkùnrin náà bẹ̀bẹ̀, ó sì bẹ̀bẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn ló sọ pé kọ́sítómà òun kan ní bàbá tí ojú rẹ̀ ti ń lọ, pé ọmọ náà fẹ́ kí òun bá wọn fi irú ohùn yẹn sí kọ̀ǹpútà bàbá.

"Èwo ni kí n fi sí i, ẹ̀gbọ́n?"

"Bàbá náà, kí ló ní òun fẹ́?"

"N ò tíì bá bàbá sọ̀rọ̀. Ọmọ ẹ̀ ló wá."

"Má fi nǹkan kan sí i," ni Kọ̀yà wí. "Gba nọ́ńbà bàbá fúnra ẹ̀ wá. Èmi ni màá pè wọ́n."