Èyí Tó Wọlé Nínú Àwa Méjèèjì

Mo lá àlá kan lóru àná, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ n tètè rọ́ ọ kó tó pòórá. Mo wà ní pápákọ̀ òfurufú, mò ń lọ kí bàbá mi ní Ìkìrun. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti rí wọn kẹ́yìn, wọ́n sì ti ránṣẹ́ pé kí n wá kí ojú àwọn tó fọ́ tán.

Ìwé ìrìnnà méjì ló wà nínú báàgì mi, ti Nàìjíríà àti ti Ìlú Ọba, wọ́n sì ń jà bí orogún. Ti Nàìjíríà ní òun ni ìyálé, òun ló mú mi kúrò nílé. Ti Ìlú Ọba ní ìyálé tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá tipẹ́ kò yẹ kó máa sọ̀rọ̀ láwùjọ. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n rọra, àwọn èèyàn ń wò wá.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń yẹ ìwé wò léfòó lókè orí wa, àkàbà la gùn débẹ̀. Kí n tó dókè, ọ̀gá tó jókòó níbẹ̀ ti di òbúkọ, fìlà iṣẹ́ rẹ̀ wà láàárín ìwo méjèèjì. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ẹni tí òǹtẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, sà ni, ì báà níwo.

Ó jẹ etí ìwé kan díẹ̀, ó ní iyọ̀ rẹ̀ dín.

“Ìwé kan, èèyàn kan,” ló wí. “Èyí tó ni ti Nàìjíríà ló máa wọlé.”

Mo ní ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Ó ní ìyẹn ò burú, ẹni tó wà nínú fọ́tò rẹ̀ ni kó máa lọ, bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n yà á. Mo rò ó wò, mo rí i pé òdodo ni.

Ni ọmọbìnrin inú fọ́tò bá sọ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì, ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀. Èmi ìgbà èwe ni, pẹ̀lú ṣùkú lórí. Mo kí i pé ó tó ọjọ́ mẹ́ta, àmọ́ kò mọ̀ mí. Ó gbé báàgì mi, ó bá tirẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ́fíìsì náà di gíláàsì ńlá kan. Èmi wà lẹ́yìn rẹ̀, àgbàlá bàbá mi wà níwájú. Ọmọ yẹn kúnlẹ̀, Bàbá fọwọ́ tọ́ ojú rẹ̀ wò, wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Àṣàbí, o ò yí padà rárá.”

“Ibo ni mo lọ, Bàbá?”

Ó dùn mí wọra. Èmi ni mo fi gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ronú wọn, ọmọ yẹn ò tíì ronú ẹnikẹ́ni rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀ṣẹ́ gbá gíláàsì. Bàbá yíjú sí mi.

“Ta ni ìyá tó dúró lẹ́yìn gíláàsì yẹn?”

“N ò mọ̀ ọ́n. Bóyá àlejò ni.”

Wọ́n ní kí wọ́n gbé àga fún mi. Bàbá mi ò kí í fi àlejò sórí ìdúró.

Fóònù ló jí mi, ilẹ̀ ti mọ́. Àbúrò mi Adégbìtẹ́ ló ń pè láti Ìkìrun, ó ti gbé fóònù síwájú Bàbá kí a lè máa rí ara wa. Mo kí wọn pé ẹ káàárọ̀, sà. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ohùn mi, wọ́n dìde, wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

“Àṣàbí, ṣé o ti dé?”

“Rárá, Bàbá. Mo ṣì ń bọ̀.”

Wọn ò tíì jókòó tí ìpè náà fi já.