Onígbọ̀wọ́ fún Bọ́ládé

Ẹgbẹ̀ta ó lé mọ́kànlá ni nọ́ńbà tó wà lójú fóònù Bọ́ládé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, ó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ Raheem bí ìyá ọmọ tuntun ṣe ń gbé káàdì ìwọ̀n ọmọ rẹ̀ lọ fún nọ́ọ̀sì. Nọ́ńbà náà ni àwọn báńkì fi ń mọ bí èèyàn ṣe ń san gbèsè sí, ọdún mẹ́ta ló sì fi tọ́ ọ dàgbà. Báńkì kan fún un ní káàdì àwìn kékeré tí kò lè fi ra ju ọjà igba pọ́n-ùn lọ, búrẹ́dì àti mílíìkì nìkan ló sì ń fi í rà. Á san owó rẹ̀ kí oṣù tó parí, á tún rà, á tún san. Kò pẹ́ kó tó san án rí, títí kan oṣù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú tí kò lè lọ síbi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tó ń ṣe. Bí nọ́ńbà náà bá fi méjì péré lé sí i, inú rẹ̀ á dùn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìyà ti jẹ obìnrin yìí débi pé nọ́ńbà ló wá ń yìn ín.

Raheem, tó ń bá àwọn onílé wá ayálégbé, jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí Peckham ní London. Ọ́fíìsì rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà East Street ní Barking. Ó wo fóònù náà, ó rọra dá a padà fún un.

"Àǹtí, ẹ ti try gan-an," ni ó wí. "But landlord ò ní wo score yìí. Full report ló máa wò, bankruptcy yẹn, bẹ́ ẹ ṣe declare pé ẹ ò lè san gbèsè, sì ṣì wà nínú ẹ̀. Six years ló máa ń lò. Ó ku two years."

"Ṣùgbọ́n wọ́n ti discharge mi. Ọdún kan péré ni wọ́n fi discharge mi."

"Ẹ ò jẹ gbèsè mọ́, òótọ́ ni, ma. Wọ́n kàn ṣì ń rántí pé ẹ jẹ ẹ́ rí ni." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Flat ti Goresbrook yẹn, mo lè bá yín dì í mú till Wednesday. Ẹ wá guarantor. Ẹni tó nílé tiẹ̀, tí record ẹ̀ clean. Ẹnì kan ṣoṣo, ó ti parí."

Onígbọ̀wọ́. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àjèjì létí Yorùbá. Ẹni tó bá gbọ̀wọ́ fún onígbèsè ti jẹ gbèsè tí kò mọ adùn rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi máa ń wá nǹkan mìíràn ṣe bí wọ́n bá gbọ́ ọ.

Onílé tí Bọ́ládé ń gbé inú ilé rẹ̀ ti ta ilé. Kọ̀ọ́tù ti sọ̀rọ̀, àwọn tó máa wá lé wọn jáde ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Yàrá kan ṣoṣo tí ìjọba ìbílẹ̀ rí fún òun àti Wúrà ọmọ rẹ̀ wà nílùú kan tó jẹ́ pé wákàtí méjì ààbọ̀ ni èèyàn á fi wọkọ̀ kó tó dé ilé ẹ̀kọ́ ọmọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Wúrà. Ìdánwò rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni yóò sì gbà. Ilé mẹ́ta lọmọ yìí ti gbé láàárín ọdún mẹ́rin, kò sì ráhùn rí. Ohun kan ṣoṣo tí Bọ́ládé ń bẹ Ọlọ́run fún kò ju kí Wúrà rí ibi sùn nítòsí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ títí ìdánwò á fi parí.

Ó pe Túbọ̀sún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Thamesmead: fóònù dún, dún, ó dákẹ́. Ó pe pásítọ̀ rẹ̀, pásítọ̀ ní àwọn á fi í sínú àdúrà. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n Raheem kò ní gbà á. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní òun á bi ọkọ òun. Ó dá mi lójú pé ọkọ yẹn ṣì ń rò ó títí di bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ó wá ku ẹnì kan, Àǹtí Bọ́sẹ̀, tí Bọ́ládé ti ń sá fún láti ọdún mẹ́rin.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí Bọ́ládé ní ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ ní Heathway, Àǹtí Bọ́sẹ̀, tí wọ́n jọ ń wọ aṣọ funfun nínú ìjọ Aládùúrà kan náà, yá a ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin pọ́n-ùn láì kọ ìwé kankan. Owó iná ló pa ṣọ́ọ̀bù náà. Nígbà tí Bọ́ládé rí i pé kò sí ọ̀nà mìíràn mọ́, pé òun á lọ kéde pé òun ò lè san gbèsè òun, ó kó gbogbo owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi san ti Àǹtí Bọ́sẹ̀. Báńkì lè dúró. Báńkì kò ní ojú tí èèyàn á máa wò lọ́jọ́ Ìsinmi. Ta ni nínú wa tí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n òfin kò mojú ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin tí wọ́n yàn láti pín ìwọ̀nba tó kù fún àwọn tó jẹ lówó rí i nínú ìwé báńkì, ó ní kò tọ́ láti san ti ẹnì kan kí a fi ti àwọn yòókù sílẹ̀, ó sì kọ̀wé sí Àǹtí Bọ́sẹ̀ pé kó dá owó náà padà. Ikú yá ju ẹ̀sín. Bọ́ládé fi ìjọ sílẹ̀, ó pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tó ṣe lọ́dún burúkú yẹn, owó tó san yẹn nìkan ló máa ń rántí láì sorí kọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Dagenham East, ó rìn dé ilé tí ọkọ Àǹtí Bọ́sẹ̀ rà kó tó kú, nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ mọ́tò. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó wò ó, ó yà lọ́nà kó lè wọlé. Kí wọ́n tó jókòó, Bọ́ládé ti kúnlẹ̀, ó sì ti sọ gbogbo rẹ̀: ọjọ́ Ẹtì, ìdánwò, Raheem.

"Dìde," ni Àǹtí Bọ́sẹ̀ wí. "Mi ò lè ṣe é."

"Mo mọ̀ pé ẹ ṣì ń bínú, mà."

"Mo ní mi ò lè ṣe é. Mi ò sọ pé mi ò fẹ́." Ó jókòó. "Nígbà tí lẹ́tà yẹn dé, owó yẹn ti tán. Mo ti fi sin màmá mi. Mo sọ fún ọkùnrin yẹn pé owó mi ni wọ́n dá padà fún mi, kí ló kàn án níbẹ̀? He took me to court. Èmi tí mi ò gba parking ticket rí. Mo rò pé tí mo bá dákẹ́, wọ́n á gbàgbé. Wọ́n dá mi lẹ́bi, wọ́n kọ orúkọ mi sílẹ̀. Hundred pounds, hundred pounds lóṣooṣù ni mo fi san án tán, but ọdún mẹ́fà ni tèmi náà. Òrùlé ń jò lọ́dún tó kọjá, báńkì ò yá mi ní kọ́bọ̀. Tí mo bá sign fún ẹ lónìí, wọ́n máa lé àwa méjèèjì padà ni."

Ohun kan ṣoṣo tí Bọ́ládé rò pé òun ṣe dáadáa, òun ló fi ba orúkọ ẹni tó ràn án lọ́wọ́ jẹ́. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Níbo ni mo fẹ́ ti rí ẹ?"

Ẹkún tí Bọ́ládé ti ń gbé mì láti ọjọ́ Ajé bú jáde, kò sì gbìyànjú láti dá a dúró. Àǹtí Bọ́sẹ̀ jẹ́ kó sunkún tó.

"Yàrá Ọmọ́lẹ́wà ṣófo," ni ó wí nípa ọmọ rẹ̀ nígbà tó yá. "Uni ló wà, kò ní dé kí Wúrà tó parí. Jẹ́ kó máa bọ̀. Bọ́ọ̀sì kan ló máa gbé e dé school."

"Ha, ẹ ṣeun, mà. Ọlọ́run á san án fún yín. Ilẹ̀ ni màá máa sùn, ẹ ò ní mọ̀ rárá pé mo wà ńbẹ̀…"

"Wúrà ni mo sọ." Àǹtí Bọ́sẹ̀ kò gbé ohùn sókè. "Mo ti fi ọ̀rọ̀ yẹn lé Ọlọ́run lọ́wọ́, mi ò bínú mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa jí láràárọ̀ kí n máa rí ojú ẹ nínú ilé yìí. Má jẹ̀ẹ́ n parọ́ fún ẹ."

Bọ́ládé tún kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ó sọ pé Wúrà kì í jẹ ẹyin, pé ó ní ikọ́ fée, kí wọ́n máa bi í bóyá ó ti lo oògùn rẹ̀. Àǹtí Bọ́sẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn àpò ìwé kan.

Inú ọkọ̀ ojú irin ni ìyókù ti yé e. Nítorí ọmọ ni ìjọba ìbílẹ̀ ṣe fẹ́ fún un ní yàrá tó jìnnà yẹn. Láìsí ọmọ lọ́dọ̀ rẹ̀, yàrá yẹn gan-an kì í ṣe tiẹ̀ mọ́. Ó ránṣẹ́ sí Raheem pé kó fi flat náà fún ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà, ó pe ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun ní iṣẹ́ òru fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko, nítorí iná wà níbẹ̀, ibẹ̀ sì móoru. Ti ọ̀sán, ó rò ó lọ́kàn pé òun á máa wá ibi tí òun á fara pamọ́ sí.

Wúrà gbọ́ pé ilé Àǹtí Bọ́sẹ̀ ni, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà. Ó gbé àpótí rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń to ìwé sí i. Nígbà tó yá, ó yíjú padà.

"Mummy, where's your bag?"

"Máa di tìẹ ná," ni Bọ́ládé wí, ó sì ń bá a ká aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀.