Igbá Omi Fátúnmbí

Fátúnmbí, jagunjagun tó mú mi lẹ́rú lójú ogun, wá sílé mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ní àgọ́ wọn, ó máa ń da omi sílẹ̀ lójú òùngbẹ mi. Títí dòní, ìró ẹ̀wọ̀n ń mú mi gbọ̀n.

“Bàbá, ẹ foríjì mí.”

“Ajá lo máa ń pè mí.”

Mo gbé omi fún un, n kò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò bí onílé ti ń ṣe fún àlejò. Ó rò pé májèlé ni. Igbá ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Akọni ọjọ́sí! Mo mọ gbígbọ̀n yẹn. Mo gba igbá, mo mu níbẹ̀, mo dá a padà.

“Mu, ojo. O ò tó ẹni à ń bínú sí mọ́. Mo foríjì ọ́.”

Ó mu ún. Mo bu òmíràn.